Ìbúra kọ́ ni èébú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí n ò dá sí i. Mo rò pé àwọn tó jù mí lọ yóò gbà á mú ni. Kò sẹ́ni tó gbà á mú.

Arákùnrin wa tó wà ní London ló bèèrè orúkọ tó yẹ ká pe ohun tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè ń ṣe, tí wọ́n á dúró ní gbangba ìpàdé, tí wọ́n á máa da èébú bo ara wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, òun fúnra rẹ̀ ti hun ọ̀rọ̀ sílẹ̀: "ìbúra-ẹni". Ì-, bú, ara, ẹni, ó tán. Ìyá Ìbàdàn pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ò pàtẹ́wọ́.

Ẹ pè é sókè kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ìbúra. Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sórí Bíbélì, Kùránì tàbí irin Ògún? "Bú ara", /a/ bọ́ sọnù, ohùn òkè dúró sórí "bú", ohùn àárín sórí "ra". Ohun tó kù kò fi bí orí abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí "búra" tí ẹlẹ́rìí ń ṣe níwájú adájọ́. Bó bá jẹ́ pé ohùn yà wọ́n, bí ó ti ya ọkọ̀ àti ọkọ́, ǹ bá panu mọ́. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kínní ọdún 2017 ni Trump ṣe ìbúra wọlé bí ààrẹ Amẹ́ríkà ní Washington. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ló dúró ní Àpéjọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń pe Kim Jong Un, olórí Àríwá Kòríà, ní ọ̀gbẹ́ni rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí Kim fi kọ̀wé dá a lóhùn pé arúgbó tó ń ṣarán ni. Ìyẹn ni pé ìbúra ni ti oṣù Kínní, ìbúra-ẹni sì ni ti oṣù Kẹsàn-án? Kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ka ìyẹn lórí rédíò, kí ìyá àgbà nídìí ààrò máa bèèrè bóyá wọ́n tún ti dìbò ní Amẹ́ríkà.

Arákùnrin wa ní "ẹni" tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti yà wọ́n. "Ẹni" yẹn gan-an ló ba ọbẹ̀ jẹ́! Ìpara-ẹni, ìsẹ́ra-ẹni, ìjọra-ẹni-lójú: nínú gbogbo wọn, ẹni tó ṣe é ló ṣe é sí. Ẹni tó ṣe ìpara-ẹni kò pa aládùúgbò. Ìbúra-ẹni á wá jẹ́ kéèyàn jókòó síwájú dígí kó máa bú ara rẹ̀. Ó wá fa "ìgbọ́ra-ẹni-yé" yọ sí mi, pé èèyàn méjì ló wà nínú ìyẹn. Ó mú mi níbẹ̀, n ò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan ṣoṣo kọ́ la fi ń mọ ohùn igbó.

Ẹnì kan bèèrè ibi tí mo ti kọ́ gírámà. Abẹ́ ẹgba bàbá mi ni. Olùkọ́ ni wọ́n, wọn a máa fi ẹfun sàmì sórí ọ̀rọ̀ lára ògiri ilé wa, ẹni tó bá ṣi ohùn kà kò ní fọwọ́ kan ẹran lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá wọn ní Ìsẹ́yìn ló sọ fún mi pé nígbà tí baálé méjì bá pàdé lórí ìjà ilẹ̀, wọn kì í pe ara wọn ní olè. Òwe ni wọ́n ń pa. Ẹni tí wọ́n ń bá wí á mọ̀, ọmọ tó ń gbé omi kọjá ò ní mọ nǹkan kan. Pàṣamọ̀ nìyẹn. A ti ní in tipẹ́. Tí wọ́n bá wá fọ́ ọ síta, a ní ìwọ̀sí, a ní ọ̀rọ̀ kòbákùngbé. Kí la tún ń hun?

Ìyá, ẹ má bínú, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ mú àpẹẹrẹ ìpàdé àwọn olórí ní Santiago, ní Chile, wá, ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 2007. Chávez, ààrẹ Venezuela nígbà náà, ti pe Aznar, tó ti ṣe olórí ìjọba Sípéènì rí, ní fáṣíìsì. Zapatero tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn ò tilẹ̀ jọ ṣe ẹgbẹ́ kan náà, ń gbè é lẹ́yìn, Chávez ò sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ já. Ni Ọba Juan Carlos ti Sípéènì bá ní "¿Por qué no te callas?" Ẹ wá túmọ̀ rẹ̀ sí "Kí ló dé tí ẹ ò dákẹ́?" Ibo lẹ ti rí "ẹ"? "Te" ni ọba sọ, "ìwọ" ni lédè wọn. "O ò ṣe dákẹ́?" ni. Ẹni tó gbé Madrid rí nínú wa ní wọn kì í ka ìyẹn sí nǹkan lọ́hùn-ún, pé tẹrútọmọ ló ń lò ó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá la sáà ń túmọ̀ rẹ̀ sí, etí Yorùbá ló máa gbọ́ ọ, "o" sì ni ìjà wà. Ẹ bá mi mú un kúrò, ẹ wò ó bóyá ìwọ̀sí kankan ṣẹ́ kù.

Àwọn tó ní kí wọ́n máa bú ara wọn, pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mo gbọ́ yín. Ẹni tó dúró níbẹ̀ kò dá dúró, ikọ̀ ni. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ wo Chávez kan náà yìí lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006. Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ti sọ̀rọ̀ lórí pèpéle Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lánàá ọjọ́ náà. Chávez gòkè, ó fọwọ́ sàmì àgbélébùú, ó ní bìlísì wá síbí lánàá, òórùn imí ọjọ́ ṣì ń run níbẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, Venezuela ń wá àga nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò àjọ náà, òun àti Guatemala ló ń du ú. Wọ́n dìbò nígbà 47, ẹni kankan nínú wọn ò wọlé, ní ìgbà 48 ni wọ́n gbé àga náà fún Panama. Ọ̀pọ̀ ló sọ pé imí ọjọ́ yẹn ló lé ìbò sá.

Bí mo ṣe ń kọ ìyẹn lọ́wọ́ ni mo rí i pé ìtumọ̀ tí mo fi ń bú arákùnrin wa, kéèyàn máa bú ara rẹ̀ níwájú dígí, ó bá ti Chávez mu rẹ́gí. N ò pàtẹ́wọ́ síbẹ̀ o.

Ẹni tó sì kọ ọ́ pé "Èṣù" ni Chávez pe Bush, pẹ̀lú È ńlá lórí rẹ̀, bí ẹni pé òrìṣà wa ni bìlísì, èmi àti onítọ̀hún ò tíì parí. Bìlísì ni mo kọ sókè yẹn, ẹ padà lọ kà á.