Àgbàlagbà 18 fẹ́ wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà nílé-ìwé ìjọba: báwo la ṣe máa múra wọn sílẹ̀?

Akọ̀wé_Àdúgbò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan n'Íbàdàn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ọmọ bí 60 ló wà ní pírámárì 4 sí 6 tí wọn ò tíì lè ka gbólóhùn kan já. Àgbàlagbà 18 ládùúgbò ti ní àwọn ṣe tán láti máa wá ràn wọ́n lọ́wọ́ láìgba owó: olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì mẹ́ta, àwọn ìyá ọlọ́jà, télọ̀, mẹkáníìkì, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń retí JAMB. Ọ̀gá ilé-ìwé ti fẹnu gbà á.

Ìwé wo la gbọ́dọ̀ gbà kí a tó bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ mélòó la máa fi dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, kí la sì máa kọ́ wọn? Ṣé Yorùbá ni ká fi bẹ̀rẹ̀ àbí Gẹ̀ẹ́sì? Páálí àti máákà wà, owó ni kò fi bẹ́ẹ̀ sí.

Ìyá_Olùkọ́

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Akọ̀wé. Ẹ gba ìwé kí ẹ tó gé páálí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá ilé-ìwé kò tó, torí wọ́n lè gbé e lọ síbòmíràn láàárín sáà, kí ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ sì ní òun ò mọ̀ nípa ohun tí ẹ ń ṣe. Abẹ́ SUBEB, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ni ilé-ìwé yín wà. Akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín, tí gbogbo wa ń pè ní E.S., ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí. Kí alága SBMC, ìgbìmọ̀ òbí àti ará àdúgbò tó ń bá ilé-ìwé ṣètò, àti ọ̀gá ilé-ìwé jọ fọwọ́ sí i. Ojú ewé kan ti tó: orúkọ àwọn tó ń bọ̀, ọjọ́ àti wákàtí, iyàrá tí ẹ máa lò, kíláàsì àwọn ọmọ, àti ẹni kan ṣoṣo tí wọ́n lè bi léèrè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sórí tiyín pé àwọn ti gbà á. Ẹ fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí òbí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, kí wọ́n buwọ́ lù ú tàbí kí wọ́n tẹ̀ka sí i.

Ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí, ì báà jẹ́ owó ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀fẹ́ ni òfin UBE ti 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, pe ẹ̀kọ́ yìí. Ọjọ́ tí ẹ bá gbowó, ọmọ tí ẹ torí rẹ̀ dá ètò náà sílẹ̀ gan-an ni kò ní wá mọ́.

Ẹ jókòó ti àwọn olùkọ́ kíláàsì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun méjì ló máa ń bà wọ́n lẹ́rù: pé ẹ wá ṣọ́ wọn, tàbí pé wọ́n fẹ́ fi yín rọ́pò wọn. Ẹ sọ ọ́ kedere pé ẹ ò ní fọwọ́ kan rẹ́jísítà, ẹ ò ní máàkì ìwé, ẹ ò sì ní gba kíláàsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òdì kejì rẹ̀ náà tún wà: olùkọ́ kan lè kó ọmọ 40 fún yín kó sì lọ jókòó sábẹ́ igi. Kí iye ọmọ wà nínú ìwé àdéhùn.

Lórí àwọn 18 yẹn, kí gbogbo wọn kọ fọ́ọ̀mù kan náà: orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì, iṣẹ́, àti ẹni méjì tó mọ̀ wọ́n fún ó kéré tán ọdún méjì, tí kì í ṣe ẹbí wọn. Ẹ pe àwọn ẹni méjì náà lórí fóònù, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: "Ṣé ẹ lè fi ọmọ tiyín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni yìí?" Bí ẹni náà bá dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ẹ gbọ́ ìdákẹ́ yẹn náà. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti gbé fọ́ọ̀mù síwájú àgbà. Kí alága fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ lójú gbogbo wọn, ìtìjú á sì kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wá iṣẹ́ míì fún un tí kò ní gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Olùtọ́ni_Ìwé_Kíkà

Ìyá Olùkọ́ ti sọ ti ìwé tán. Ẹ jẹ́ ká wọ inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́, torí ibẹ̀ ni ètò púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Wọ́n á ṣí i pẹ̀lú àdúrà, ẹni kan á sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n á jẹ ìrẹsì, ó parí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, kálukú á máa kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà: ariwo àti pàṣán.

Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ni mo máa dábàá, kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àkókò yẹn sì jẹ́ ìfọwọ́ṣe. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣiṣẹ́ lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó máa tọ́ wọn sọ́nà.

Sátidé kìíní, ẹ kọ́ wọn ní ìró. Ọ̀pọ̀ wa mọ orúkọ lẹ́tà, "bí, dí, fí", ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kì í ka ìwé. Ọmọ tó bá fi orúkọ ka "bàtà" á ní "bí-à-tí-à", kò sì ní mọ̀ pé bàtà ló wà níwájú òun. Sílébù ni kí ẹ fi kọ́ ọ: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Ẹ ya àtẹ kan sára páálí ńlá: kọ́ńsónáǹtì 18 sísàlẹ̀, fáwẹ́lì méje lókè. Ẹ fi ìlà n sílẹ̀ títí ẹ ó fi dé fáwẹ́lì àránmúpè, bíi an, in, un. Orí káàdì kan ṣoṣo ni gb gbọ́dọ̀ wà, torí bí g àti b bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọ á máa kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ti Ìbàdàn wá wà lọ́tọ̀ o. Ọ̀pọ̀ ọmọ, àti àgbà pẹ̀lú, ló ń pe "iṣu" ní "isu". Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọmọ ṣẹ̀sín lórí èyí, torí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ "sá" àti "ṣá" sórí káàdì méjì, kí ọmọ fìka kan àmì ìsàlẹ̀ kó tó pè é. Kí àwọn àgbàlagbà fúnra wọn ṣe é láàárín ara wọn lákọ̀ọ́kọ́.

Ohùn ńkọ́? Dò, re, mí. Ẹ fi ìka gbá tábìlì, ẹ pè é, ẹ sì kọ ọ́: igba, igbá, ìgbà, ìgbá, igbà. Àgbàlagbà tí kò bá lè to márààrún sọ́nà, kó má tíì lọ sí ìpele àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà, kó máa kọ́ ọ lọ.

Sátidé kejì, ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń dúró de ọmọ. Kí ẹni kan ṣe bí ọmọ tó ń ṣì í kà, kí èkejì jókòó tì í. Bí "ọmọ" bá há, kí àgbàlagbà kà á dé mẹ́ta nínú ọkàn rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Bí kò bá tíì yọ, kó fìka sábẹ́ sílébù àkọ́kọ́. Ìgbà tí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́ ni kó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é, kí ọmọ sì tún gbólóhùn náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń yára sọ ọ̀rọ̀ náà ń kọ́ ọmọ pé ìdáhùn kò sí nínú ìwé. Ojú ọmọ á kúrò lórí ewé, ẹnu àgbàlagbà ló máa máa wò. Bí ẹ bá rí ọmọ tó ń gbójú sókè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń kọ́ ọ ni kí ẹ tún kọ́.

Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló máa nílò eléyìí jù, ẹ má bínú. Wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún dojú kọ ọmọ 50 lẹ́ẹ̀kan náà. Télọ̀ àti mẹkáníìkì ti ń kọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan níṣẹ́ lójoojúmọ́: wọ́n á ṣe é, ọmọṣẹ́ á wò, ọmọṣẹ́ á ṣe é, wọ́n á wò. Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn.

Sátidé kẹta, ẹ kọ́ wọn ní ìdánwò ìpele, èyí tí àjọ Pratham ní Íńdíà sọ di ohun tí ayé mọ̀. Ọmọ kan, àgbàlagbà kan, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìpínrọ̀ gbólóhùn mẹ́rin ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. Bí àṣìṣe rẹ̀ kò bá ju mẹ́ta lọ, tó sì ń kà á geere, ẹ fún un ní ìtàn. Bí kò bá lè kà á, ẹ jẹ́ kó mú ọ̀rọ̀ márùn-ún; mẹ́rin gbọ́dọ̀ tọ̀nà. Bí ìyẹn náà kò bá ṣe é ṣe, lẹ́tà márùn-ún, mẹ́rin gbọ́dọ̀ tọ̀nà. Ìwé ìdánwò mẹ́rin tó yàtọ̀ síra ni kí ẹ kọ, torí àwọn tó wà lórí ìlà á ti gbọ́ tẹni iwájú, wọ́n á kà á lórí. Bí ẹni mẹ́fà bá jókòó, ọmọ 60 á parí láàárín nǹkan bí wákàtí kan.

Yorùbá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kò lè mọ̀ bóyá òun kà á dáadáa nínú èdè tí kò gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko nílé-ìwé kan ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti ka ìpínrọ̀ Yorùbá já, ẹ mú un lọ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Akọ̀wé_Àdúgbò

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Àwọn ìyá kan ti ń béèrè bóyá àwọn lè mú pàṣán dání. Kí ni kí n sọ fún wọn? Báwo la ṣe máa pín àwọn ọmọ náà?

Aláàbò_Ọmọ

Kò sí pàṣán, mà tàbí sà. Kò sí etí fífà, kò sí ìkúnlẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í dán ọ̀rọ̀ tuntun wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ní àbọ̀ òbìrípo, kí ojú yín lè kan gbogbo wọn, kí ẹ sì fún aláriwo níṣẹ́ pípín káàdì.

Kí àwọn nǹkan wọ̀nyí wà nínú ìwé tí kálukú máa buwọ́ lù. Àgbàlagbà kan kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ojú kò tó. Kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò ọmọ, kó má gba nọ́ńbà rẹ̀, kó má fún un lẹ́bùn níkọ̀kọ̀, kó má sì rán an níṣẹ́ lọ sílé òun. Ìyá ọlọ́jà kan lè rò pé kò sí aburú nínú kí ọmọ bá òun gbé igbá dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un: bí ó bá di àṣà, ẹni tó ní èrò burúkú lọ́kàn á gba ojú ọ̀nà kan náà.

Ẹ fi bí wọ́n ṣe máa ṣe é ṣeré, bí ọmọ bá sọ pé ẹnì kan ń pa òun lára. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ẹ ní: "O ṣeun tí o sọ fún mi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Mo máa sọ fún ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́." Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì bi í pé "Ṣé bàbá rẹ ni?" torí ó lè kàn gbà fún yín. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ sì gbé e fún ọ̀gá ilé-ìwé lọ́jọ́ náà. Bí ó bá kan ẹnì kan nínú ilé-ìwé, ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn ní ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ọlọ́pàá ni kí ẹ lọ. Ẹ má pe ẹbí jọ láti parí rẹ̀ nílé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003 wà, gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà ló sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn.

Olùtọ́ni_Ìwé_Kíkà

Lórí pípín wọn: ìpele ni kí ẹ wò, ẹ má wo kíláàsì. Ọmọ pírámárì 6 lè jókòó pẹ̀lú ti 4. Kí ojú má bàa tì í, ẹ pe ẹgbẹ́ wọn ní orúkọ ẹyẹ, ẹ má pè é ní "àwọn tí kò mọ lẹ́tà". Àgbàlagbà méjì fún ọmọ mẹ́wàá. Ẹni 12 á gba ọmọ 60, mẹ́fà tó kù á jẹ́ agbàpò. Ẹ nílò agbàpò gidi, torí ọjọ́ ọjà, òjò àti òkú sínsin á máa mú wọn lọ. Kí ẹni kan máa pe àwọn tọ̀la kó tó di aago méje alẹ́.

Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, ìṣẹ́jú 45: márùn-ún fún ìtàn tàbí àlọ́, mẹ́wàá fún àtẹ sílébù, 15 fún kíkà ìpínrọ̀ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá fún eré káàdì nílẹ̀, márùn-ún fún kíkọ. Kí gbogbo wọn jọ kà á lẹ́ẹ̀kan péré, torí ọmọ tó wà lẹ́yìn lè máa mi ẹnu lásán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tún wọn dán wò, kí ẹni tó bá ti yege bọ́ síwájú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Sáà kan ṣoṣo ni kí ẹ gba ìlérí lé lórí. Ẹni tí ẹ bá sọ fún pé "títí ayé" á sá lóṣù kejì, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọjọ́ tó máa parí sábà máa ń padà wá. Bí SBMC bá lè rí owó ọkọ̀ fún àwọn tó ń wá láti ọ̀nà jíjìn, ẹ san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Akọ̀wé_Àdúgbò

Ẹ jọ̀ọ́, ti páálí ló kù. Káàdì mélòó fún ẹgbẹ́ kan?

Ìyá_Olùkọ́

Páálí ńlá kan fún ẹgbẹ́ kan ti tó. Ẹ gé e sí mẹ́rin lápá kan, méje lápá kejì, ẹ ó rí káàdì 28. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jẹ́ ti lẹ́tà wa. Ẹ fi pupa sàmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Nínú mẹ́ta tó kù, ẹ kọ àmì òkè sórí kan, àmì ìsàlẹ̀ sórí èkejì, kí ẹ fi ìkẹta sílẹ̀ lófìfo fún ohùn àárín, torí kì í gba àmì. Bí ọmọ bá ti to "igbá" tán, ẹ ní kó fi káàdì òfìfo lé orí i, kó fi àmì òkè lé orí a, kó sì pè é sókè. Ẹ fi sẹ́lótéèpù bo ojú gbogbo káàdì náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òógùn ọwọ́ á ti pa wọ́n rẹ́ kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta.