Mẹ́nù Tkinter: Ctrl+S kì í dáhùn ní fèrèsé kejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ Python dáadáa. Mò ń fi Tkinter (ohun èlò Python fún ṣíṣe fèrèsé àti mẹ́nù) ṣe ètò ìkọ̀wé kékeré kan. Mo ti to mẹ́nù Fáìlì, mo fi tearoff=0 sí i kó má ṣeé fà yọ kúrò ní àyè rẹ̀, mo sì fi root.config(menu=menubar) so ó mọ́ fèrèsé àkọ́kọ́. Ó hàn dáadáa.

Ibi kíbọọ̀dù ni wàhálà wà. Mo kọ accelerator="Ctrl+S" sí ẹ̀gbẹ́ "Tọ́jú", mo rò pé ó parí. Àṣé ọ̀rọ̀ lásán ló ń kọ síbẹ̀! Mo wá fi root.bind("<Control-s>", toju) kún un, kó so bọ́tìnnì náà mọ́ toju, iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé. Ó kọ́kọ́ gbé àṣìṣe jáde, torí pé bind máa ń fi event (ìròyìn nípa bọ́tìnnì tí a tẹ̀) ránṣẹ́ sí toju, èmi ò sì fi àyè sílẹ̀ fún un. Mo ti tún ìyẹn ṣe.

Ní báyìí, tí mo bá ṣí Toplevel, ìyẹn fèrèsé kejì, mẹ́nù tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tí mo bá fi máòsì tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n Ctrl+S ò dáhùn níbẹ̀ rárá. Mo gbìyànjú bind_all, tó ń so bọ́tìnnì mọ́ gbogbo fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dáhùn, àmọ́ ìwé inú fèrèsé àkọ́kọ́ ló ń tọ́jú, kì í ṣe èyí tí mò ń kọ lọ́wọ́. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí iṣẹ́ ẹni lè ti ibẹ̀ sọnù.

Ṣé kí n máa bind fèrèsé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ni, àbí kí n fi focus_get mọ èyí tó wà níwájú? Èwo lẹ̀ ń lò?

Ctrl+O náà ń fi ìlà òfìfo kún inú Text (àpótí tí a ń kọ̀wé sí) kó tó ṣí fáìlì. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè dá a dúró?