Èèyàn 14 ní ilé oúnjẹ Thai: ṣé kí kálukú ọ́dà tiẹ̀ ni?

Àdùkẹ́_SE15:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ wa kan bọ́ sí Sátidé, ní London níbí. Àwa 14 fẹ́ lọ sí ilé oúnjẹ Thai kan tí orin ti ń dún dáadáa. Àwọn 4 kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà, àwọn 2 ò lè jẹ ata. Ṣé kí kálukú ọ́dà tiẹ̀ ni, àbí ká pín in jẹ?

AgbadaGbóná:
Ẹ pín in jẹ. Agbada tí wọ́n fi ń dín nǹkan níbẹ̀, ìyẹn wok, oúnjẹ ẹni 1 tàbí 2 ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá kó o kún, ooru rẹ̀ á lọlẹ̀, ẹ̀fọ́ á tú omi, gbogbo ẹ̀ á wá máa bọ̀ lásán. Ẹ wá ọ́dà díndín 14 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wò: ẹni àkọ́kọ́ á ti nu ẹnu tán kí ti ẹni ìkẹyìn tó jáde.

Ẹ pín tábìlì sí 2, èèyàn 7 níhà kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ kan náà níhà méjèèjì, torí ọwọ́ kì í tó àwo tó wà lọ́hùn-ún. Fún èèyàn 7: kọ́rì 2, tom yum (omi ọbẹ̀ kíkan) ńlá 1, som tam (ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n tí wọ́n gún) 1, adìẹ yíyan 1, díndín 2, ìrẹsì funfun 7. Kí ìrẹsì bá kọ́rì jáde, kó má ṣáájú. Igi ewé tíì àti ègé tó jọ atalẹ̀ nínú tom yum, ẹ tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, wọn kì í ṣe jíjẹ.

ata_tútù:
Ẹ̀pà yẹn, ẹ má fi ṣeré o. Wọ́n ń fọ́n ọn sórí pad thai, ìyẹn núdù díndín, ó wà nínú ọbẹ̀ satay, ẹran orí igi wọn, àti nínú kọ́rì massaman, wọ́n sì ń gún un mọ́ som tam. Pé wọ́n yọ ọ́ kúrò lójú àwo kò tó, torí odó kan náà ni wọ́n sábà fi ń gún ti gbogbo oníbàárà. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó san àsansílẹ̀. Òfin ilẹ̀ yìí ní kí ilé oúnjẹ lè sọ èyí tó wà nínú oúnjẹ wọn nínú ohun 14 tó ń fa àléjì, ẹ̀pà sì wà lára wọn. Bí wọ́n bá ń kólòlò, ẹ wá ibòmíràn.

Ní ti ata, "mai phet" ni kó má ta. Àmọ́ green curry ò lè ṣe mai phet, ata ti wà nínú lílọ̀ rẹ̀. Massaman ló sábà rọ̀ jù nínú kọ́rì wọn, ó sì ní ẹ̀pà! Fún àwọn 2 yẹn, ẹ mú adìẹ yíyan àti khai jiao, ẹyin díndín wọn. Ata rodo le ju ata wẹ́wẹ́ wọn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tòmátò àti òróró ló ń gbé tiwa. Ti som tam, tútù láìsè ni. Ẹni tí ata bá ta lẹ́nu, ìrẹsì tàbí wàrà ni kó sá tọ̀, omi ò ràn án lọ́wọ́.

Àdùkẹ́_SE15:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mookata wá ńkọ́, ẹran tí èèyàn ń yan fúnra ẹ̀ lórí tábìlì?

ÒkèlèKékeré:
Ó dùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ "moo" inú orúkọ rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Páànù náà yọ gongo láàárín, kòtò omi ọbẹ̀ yí i ká. Wọ́n á gbé ègé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sí góńgó rẹ̀ kó máa yọ́ wálẹ̀. Ẹran ń yan lókè, omi rẹ̀ ń kán sínú kòtò, níbi tí ẹ̀fọ́ àti núdù ti ń jinná. Páànù 1 fún èèyàn 4, kí àwọn 4 tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ gba tiwọn lọ́tọ̀, pẹ̀lú òróró dípò ọ̀rá. Tó bá jẹ́ halal ni wọ́n ń wá, ìbéèrè mìíràn nìyẹn. Bí omi kòtò bá ń gbẹ, ẹ bù sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iyọ̀ á pọ̀ jù. Ẹ̀mú tó gbé ẹran tútù, ẹ má fi kan ẹnu.

Kí ẹ mú khao niao, ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra, fún som tam àti adìẹ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́: ẹ bu díẹ̀, ẹ fìka rún un bí òkèlè, ẹ fi kan omi ọbẹ̀. Ẹ máa dé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà, kó má le gbagidi.

Owó ńkọ́: ẹ wo ìsàlẹ̀ bíìlì dáadáa. Wọ́n sábà ti fi 12.5% kún un fún àwọn tó ń gbé oúnjẹ, pàápàá bí èrò bá pọ̀. Ẹ má san án lẹ́ẹ̀mejì.