Ajá ọdẹ mi kì í fara balẹ̀ bí ó bá ti rí ẹranko
Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, mo kí yín o. Ajá ọdẹ mi, ọmọ oṣù 10, imú rẹ̀ mú púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ tàbí ọ̀kẹ́rẹ́ bá ti kọjá níwájú ilé, yóò dúró gbagidi, irun ẹ̀yìn rẹ̀ yóò dìde, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, tí yóò máa fa okùn, débi pé kò ní wo ẹran tí mo nà sí i. Bí ẹranko náà bá wà lókèèrè, ó ṣì máa ń gbọ́ ìpè mi. Ṣé ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí a máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀? Àwọn kan ní kí n nà án. N kò gbà, nítorí ẹ̀rù lè mú kí ó burú sí i. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọ ní sùúrù láì pa ìfẹ́ ọdẹ inú rẹ̀?