Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: eré dókítà wo ni nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì lè wò láì bínú?

ỌmọAgbẹ̀bí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Màmá mi ṣe nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí fún ọdún 34 kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ mi ní Ìbàdàn ni wọ́n sì ń gbé báyìí. Bí a bá jọ jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n tí eré dókítà bẹ̀rẹ̀, kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí màmá á ti máa pariwo: "Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń tẹ àyà? Ìgúnpá rẹ̀ ló ká yẹn! Ta ló ń wọ yẹtí gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ?"

Ní tèmi, bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kàn mí. Ohun tí mò ń wá ni eré tí ikú inú rẹ̀ jọ ikú. Bàbá mi kú sí ọsibítù lọ́dún tó kọjá. Nọ́ọ̀sì kan jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí a jókòó sí, ó wò wá yíká, ó ní, "Ta ni àgbà nínú yín?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì dìde tán tí àbúrò mi fi ké. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì rí eré tó mú irú ìṣẹ́jú yẹn bó ṣe rí gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n wá tí màmá ò ní bínú sí, tí èmi náà á sì rí nǹkan mú níbẹ̀? A ní dátà, a sì ní sùúrù.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ̀yìn wọn á dára o.

The Pitt ni kí ẹ wá. Oṣù kìíní ọdún 2025 ló bẹ̀rẹ̀. Yàrá pàjáwìrì ọsibítù kan ní ìlú Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Sáà àkọ́kọ́ ní apá 15, iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni gbogbo apá wọ̀nyẹn, wákàtí kan ní apá kan. Aago méje àárọ̀ ni Dókítà Robby wọlé, ilẹ̀ ti ṣú kó tó jáde.

Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Manchester níbí, ìró ẹ̀rọ àti ìró bàtà la fi ń mọ̀ bóyá nǹkan ń lọ dáadáa. Bó ṣe rí nínú eré yìí nìyẹn. Orin kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Nínú àwọn eré yòókù, dùùrù ló máa ń sọ fún ọ pé ó ti tó àkókò láti sunkún. Níbí, ìwọ fúnra rẹ lo máa mọ̀.

Àwọn aláìsàn inú rẹ̀ sì máa ń dúró. Ẹ ò ní mọ bí ìyẹn ti ṣọ̀wọ́n tó nínú eré dókítà. Kò sí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù lókè, nítorí náà ẹni tó yẹ kó ti gòkè ṣì wà nísàlẹ̀, ẹni tó yẹ kó wọlé sì wà níta lórí àga, inú ń bí i. Ọ̀kan nínú irú wọn ló fi ẹ̀ṣẹ́ ba Dana, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, lójú nígbà tó jáde lọ fa sìgá. Mo dá eré náà dúró níbẹ̀. Aláìsàn ti na èmi náà rí, kí ilẹ̀ tó mọ́ mo ti padà sídìí bẹ́ẹ̀dì, torí kò sí ẹlòmíràn tó máa ṣe é. Katherine LaNasa tó ṣe Dana gba àmì ẹ̀yẹ Emmy lọ́dún yẹn kan náà, ó sì tọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí màmá wo bó ṣe ń bá àwọn dókítà kéékèèké sọ̀rọ̀. Wọ́n á mọ̀ ọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣègùn

Màmá jàre o! Ìgúnpá gbọ́dọ̀ na, àyà gbọ́dọ̀ wọlé tó sẹ̀ntímítà márùn-ún, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n foríji àwọn òṣèré lórí ìyẹn. Bí wọ́n bá tẹ ẹlẹgbẹ́ wọn bí a ṣe ń tẹ aláìsàn, egúngún ìhà rẹ̀ á dá.

Èyí tí èmi ò lè foríjì ni ti iná. Ìlà ọkàn á ti na gbọọrọ lórí ẹ̀rọ, dókítà á pariwo pé kí gbogbo èèyàn kúrò, á fi iná ta á, ẹni tó ti kú á sì lajú. Ọkàn tó ti dákẹ́ pátápátá kì í jí nípa iná. Ọkàn tó ń gbọ̀n rìrì láìlétò ni iná yẹn wà fún. Èyí tó bá ti dákẹ́, títẹ àyà ni, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ adrenaline.

Ní 1996, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde. Àwọn dókítà jókòó, wọ́n wo ètò tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, ER, Chicago Hope àti Rescue 911, wọ́n sì ń ka àwọn tí wọ́n tẹ àyà wọn. Nínú 100, 75 ló jí lójú ẹsẹ̀, 67 ló sì dà bíi pé wọ́n padà sílé láàyè. Ti ọsibítù gidi kò sún mọ́ ọn rárá. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, nítorí mo ti dúró ní wọ́ọ̀dù rí níwájú ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó ń bi ọ̀gá wa pé, "Kí ló dé tí ẹ ò fi iná ta wọ́n?" A ti tẹ ìyá náà ní àyà fún ogójì ìṣẹ́jú. Bó ṣe rí lójú ọmọ yẹn, ṣe la jókòó tí a ń wo ìyá rẹ̀.

ÌyáÌbejì

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màmá lè má gbà fún mi. Grey's Anatomy ni mò ń wò láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo mọ gbogbo àléébù rẹ̀. Nínú sáà kejì, Izzie, dókítà kékeré, gé wáyà ẹ̀rọ tó ń gbé ọkàn Denny ró, kí Denny lè wọ iwájú ìlà, kó gba ọkàn tuntun. Dókítà wo ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́pàá ò ní gbé e? Denny gba ọkàn náà, ó sì kú síbẹ̀. Izzie wọ aṣọ àríyá wá bá a, ó gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó sùn tì í.

Ọdún tí mo wo apá yẹn, oyún oṣù méje ṣẹ́ mọ́ mi lára. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ní kí n má sunkún, pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọn ò fi ìkà sọ ọ́. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó jẹ́ kí n dùbúlẹ̀ ti nǹkan tí mo pàdánù. Nígbà tí Izzie dùbúlẹ̀ yẹn ni mo tó sunkún, ọkọ mi sì wá jókòó tì mí, kò sọ nǹkan kan. Nítorí náà, tí ẹ bá ní irọ́ ni wọ́n ń pa nípa wáyà, òótọ́ ni. Ti orí bẹ́ẹ̀dì yẹn kì í ṣe irọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣègùn

Àǹtí mi, ẹ kú ìrọ́jú. Mo gbà fún yín.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣúrùlérè

ÌyáÌbejì, Ọlọ́run á dá àwọn ìbejì sí fún yín.

Ẹ má fi ER sẹ́yìn, àgbà ni. 1994 ló bẹ̀rẹ̀, 2009 ló parí. Michael Crichton tó dá a sílẹ̀, òǹkọ̀wé tó kọ́ ìṣègùn ní Harvard ni. Noah Wyle tó ń ṣe Robby nínú The Pitt ló ṣe Carter, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, níbẹ̀.

Apá kan wà nínú sáà àkọ́kọ́, ọdún 1995, tí wọ́n pè ní Love's Labor Lost. Aláboyún kan wá, ó ní ìtọ̀ ń yọ òun lẹ́nu. Dókítà Greene fún un ní oògùn, ó ní kó máa lọ sílé. Obìnrin náà kò tíì lọ jìnnà tí gìrì aboyún fi mú un. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ohun tí Greene bá ṣe ló ń bí ìṣòro mìíràn. Èjìká ọmọ há. Ọmọ yè, ìyá kú. Greene wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé, ó ń sunkún láàárín àwọn èèyàn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

ỌmọAgbẹ̀bí, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó fi han màmá. Kò sí agbẹ̀bí tó ṣiṣẹ́ fún ọdún 34 nílẹ̀ yìí tí kò mọ gìrì aboyún. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n.

Ohun tí èmi ṣì ń retí ni eré tí ọmọ aláìsàn á di ìwé oògùn mú láàárọ̀ kùtù, tí á máa sáré láti ilé oògùn kan dé òmíràn, tí wọ́n á ní kó lọ ra ìbọ̀wọ́ wá, kó lọ ra ike omi wá, kó lọ sanwó káàdì kó tó padà wá. Ìyẹn ni yàrá pàjáwìrì tí èmi mọ̀. Ó tó kọ.

Ọmọ_Peckham

This Is Going to Hurt náà wà, ti BBC, 2022, apá méje péré. Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ní London ni, Ben Whishaw ló ṣe dókítà. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jọ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà kékeré kan gba ẹ̀mí ara rẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹ má wò ó nígbà tí ọkàn yín bá wúwo.

Tí ẹ bá fẹ́ sinmi lẹ́yìn ẹkún, Bob Hearts Abishola. Ti ẹ̀rín ni, kì í ṣe ti yàrá iṣẹ́ abẹ. Folake Olowofoyeku ṣe nọ́ọ̀sì Yorùbá ní Detroit, wọ́n sì ń sọ Yorùbá níbẹ̀. Màmá á fẹ́ràn rẹ̀.

ỌmọAgbẹ̀bí

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

The Pitt la bẹ̀rẹ̀. Nínú apá àkọ́kọ́, màmá ní kí n bá àwọn mú awò ojú wọn wá. Mo ti ń retí ariwo, n kò gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n tọ́ka sí Dana, wọ́n ní, "Èyí ti ṣiṣẹ́ rí."

Apá kẹrin la dé tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n má fi rọ́bà sí òun lọ́nà ọ̀fun. Ọmọ rẹ̀ méjì kò lè jẹ́ kó lọ. Nígbà tí wọ́n gbà níkẹyìn, Robby kọ́ wọn ní ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ, àṣà àwọn ará Hawaii: kí wọ́n sọ fún bàbá wọn pé àwọn nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé ó ṣeun, pé àwọn dárí jì í, pé kó dárí ji àwọn.

Màmá mú rìmóòtù lọ́wọ́ mi, wọ́n dá a dúró. Wọ́n jókòó fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Èmi ni mo máa ń jáde lọ bi wọ́n pé ta ni àgbà." N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ọdún yẹn, inú àwọn tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ń ka ara mi sí, n kò rántí pé ìyá tó bí mi ló ń ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní kí àwọn tó jáde, àwọn máa ń fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Kì í ṣe pé ọwọ́ mi dọ̀tí." Wọ́n ní bí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe jáde wá bá wa lọ́jọ́ ti bàbá, ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn kọ́kọ́ wò, ó ṣì tutù fún omi.

Àárín apá kẹfà ni iná lọ lálẹ́ àná. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ wò ó lórí fóònù láìsí àwọn.