Ìrìn kámẹ́rà láti SynthEyes sí Blender: kúbù ń yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fi SynthEyes (ètò kọ̀ǹpútà tí ń wo fídíò láti mọ bí kámẹ́rà tí ó yà á ṣe rìn) tọpasẹ̀ ìrìn kámẹ́rà nínú fídíò kan tí ó jẹ́ fírémù 240, ìyẹn àwòrán 240 tó tẹ̀ léra. Àṣìṣe rẹ̀ kò tó ìdajì píksẹ́lì, kúbù (àpótí inú kọ̀ǹpútà) tí mo sì gbé sórí ilẹ̀ níbẹ̀ láti fi dán an wò dúró digbí dé òpin. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó o jáde gẹ́gẹ́ bí fáìlì Alembic (irú fáìlì tí ń gbé ìrìn kámẹ́rà láti ètò kan sí òmíràn), tí mo sì ṣí i nínú Blender, ètò tí a fi ń ṣe àwòrán 3D, kúbù náà dúró dáadáa níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kúrò pátápátá níbi tí mo gbé e sí. Gbogbo ojú ìran náà tún kéré jọjọ. Ṣé kí n tún fídíò náà tọpasẹ̀ lákọ̀tun ni?

Èsì kìíní
Ẹ má wulẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kúbù dúró nínú SynthEyes, ojú ọ̀nà ni nǹkan ti bàjẹ́. Ohun tí ó dára níbẹ̀rẹ̀ tí ó sì ń burú sí i bí fídíò ṣe ń lọ sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ iye fírémù nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Alembic kì í fi nọ́ńbà fírémù pa àyè kámẹ́rà mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá ni ó fi ń kà á. Bí a bá ya fídíò yín ní fírémù 25 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, tí Blender sì wà lórí 24 tí ó máa ń bá wá, àyè tí kámẹ́rà wà ní fírémù 100 yóò bọ́ sí fírémù 96, ṣùgbọ́n fídíò tó wà lẹ́yìn kúbù kò ní yí àyè padà. Nígbà tí ẹ bá fi dé fírémù 240, ìyàtọ̀ náà á ti lé ní fírémù mẹ́sàn-án. Ẹ yí i sí 25 nínú Output Properties, kí ẹ sì rí i pé fírémù àkọ́kọ́ fídíò bá ti kámẹ́rà mu, nítorí àwọn ètò kan ń ka fírémù láti 0, àwọn mìíràn láti 1 tàbí 1001.

Èsì kejì
Ní ti kíkéré ojú ìran, kámẹ́rà kan ṣoṣo kò lè mọ bí ohun tí ó ń wò ṣe tóbi tó. Yàrá gidi àti yàrá ìṣeré ọmọdé lè fún un ní àwòrán kan náà. Ẹ wá méjì nínú àwọn àmì tí SynthEyes tọpasẹ̀ nínú fídíò, tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra, kí ẹ fi ìwọ̀n náà sínú SynthEyes kí ẹ tó kó o jáde. Ẹ má ṣe sọ ìrìn kámẹ́rà nìkan di ńlá nínú Blender, torí bí àwọn àmì kò bá tóbi pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ohun tí yóò dúró mọ́.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an ni. Fírémù 25 ni fídíò náà lóòótọ́, Blender sì wà lórí 24. Kúbù ti dúró báyìí, àfi tí ó bá dé etí àwòrán ni ó ṣì ń yẹ̀ díẹ̀.

Èsì kẹta
Lẹ́ńsì ló fa ìyẹn. Lẹ́ńsì gidi máa ń tẹ ìlà tí ó tọ́ létí àwòrán, ṣùgbọ́n kámẹ́rà inú Blender kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí SynthEyes kọ́kọ́ na ìtẹ̀ náà kúrò lára fídíò, kí ẹ fi èyí tí a ti nà sẹ́yìn kúbù, nígbà tí ẹ bá sì ń pa wọ́n pọ̀ níkẹyìn, kí ẹ dá ìtẹ̀ náà padà sára kúbù àti fídíò. Kí àwòrán kúbù fẹ̀ ju fídíò lọ díẹ̀, kí etí má baà ṣófo. Ẹ má sì fọwọ́ yí ìwọ̀n lẹ́ńsì láìwo ti sẹ́ńsọ̀ (ojú tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà): lẹ́ńsì mílímítà 35 ń rí nǹkan bí dígírì 54 lórí sẹ́ńsọ̀ tí ó fẹ̀ ní mílímítà 36, ṣùgbọ́n dígírì 38 péré ni lórí èyí tí ó fẹ̀ ní 24.