Báwo ni onílù kóńgà ṣe ń rí àyè nínú hip-hop àti rọ́ọ̀kì?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kóńgà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onílù. Kóńgà ni mò ń lù nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń ṣe hip-hop ní kí n wá bá àwọn lù. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi to ìlù tiwọn, bákan náà ló sì ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo fọwọ́ kan kóńgà mi, ńṣe ló dà bíi pé èmi àti ẹ̀rọ náà ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wa. Eric Bobo, onílù ará Amẹ́ríkà, ti bá àwọn ẹgbẹ́ hip-hop Beastie Boys àti Cypress Hill ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kí ni ó ń ṣe tí ìlù rẹ̀ fi ń dún ketekete, tí kò sì ba orin jẹ́?

Baba Onígángan:
Kí a tó kan ọmọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Willie Bobo, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ William Correa, ni àwọn òbí tó wá láti Puerto Rico bí sí New York ní 1934. Ó bá àwọn gbajúgbajà onílù bíi Tito Puente àti Mongo Santamaría ará Kúbà lù, kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1967 ni ó gba “Evil Ways” sílẹ̀. Ní 1969, ẹgbẹ́ olórin Santana gbé orin náà wọ inú rọ́ọ̀kì, ó sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Inú àwo Santana yẹn kan náà ni “Jingo” wà, orin tí onílù Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, ti kọ́kọ́ gbé jáde. Nítorí náà, ilé àwọn ẹbí ni wọ́n ní kí ẹ wá lù.

Olùtọ́jú Ohùn:
Ìtàn Baba dùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ìbéèrè yìí dá lé lórí. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Nínú ìlù tí àwọn ará Kúbà ń pè ní tumbao, àtẹ́lẹwọ́ máa ń gbá awọ gbàmù lórí èjì, lẹ́yìn náà ni ohùn gbọọrọ méjì yóò jáde, ọ̀kan lórí ẹ̀rin, èkejì kété lẹ́yìn rẹ̀, tí wọn yóò sì ti orin síwájú sínú ení tó ń bọ̀. Nínú hip-hop, ìlù ńlá tí ẹ̀rọ ń lù ló sábà máa ń ni ení. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára lu ení, ó bá ẹ̀rọ jà, ẹ̀rọ kì í sì í rẹ̀. Rọ́ọ̀kì tún yàtọ̀, nítorí jìtá oníná a máa bo kóńgà mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí timbales, tí ara rẹ̀ jẹ́ irin tí a sì ń fi ọ̀pá lù, fi wúlò níbẹ̀.

Ọmọ Àyàn:
Mo fara mọ́ ọn, àfi pé ẹ gbàgbé clave, lílù ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó ń yípo, tí gbogbo orin Kúbà náà rọ̀ mọ́. Bí ẹ̀rọ kò bá lù ú, inú orí yín ni kó ti máa dún. Ẹni tó bá ti fi agogo lu kóńkóló rí yóò tètè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí Baba má bínú, ẹbí náà pọ̀ ju tiwa lọ. Bàtá Kúbà ni tiwa ní tòótọ́; kóńgà ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Kóńgò tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ló ti ṣẹ̀ jù lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kóńgà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ní alẹ́ àná, mo fi ení sílẹ̀ fún ẹ̀rọ pátápátá. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà bi mí bóyá mo ti dín ohùn ẹ̀rọ náà kù, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kàn án.